Ṣé Ará Òkè Òkun Lè Ra Ilẹ̀ Ní Ìwó? Ohun Tí Òfin Sọ Rèé

Ní Ìwó àti àwọn abúlé tó yí i ká, ilẹ̀ ni ogún tí ọ̀pọ̀ bàbá ń fi sílẹ̀ fún ọmọ. Bí ẹnìkan bá wá kó owó ńlá síwájú mọ́lẹ́bí torí ilẹ̀ oko, tó sì jẹ́ pé ará òkè òkun ló wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ló yẹ kí ẹ mọ̀?

Òfin Lílo Ilẹ̀ tí ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé jáde lọ́jọ́ 29, oṣù kẹta, 1978, fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ Gómìnà, kó máa tọ́jú rẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ yẹn: ọmọ Nàìjíríà. Ní 2017, nínú ẹjọ́ Huebner, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé ẹni tí kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà kò lè gba ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ lábẹ́ òfin náà. Ará òkè òkun náà ní òun ló ni dúkìá tí wọ́n fi orúkọ ilé-iṣẹ́ kan rà. Ilé-ẹjọ́ kò gbà fún un.

Àwa nìkan kọ́ la ní irú òfin yìí. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Florida ṣòfin ní 2023 tó dí àwọn ìjọba kan, títí kan ti Ṣáínà, lọ́wọ́ láti ra ilẹ̀ oko, tàbí ilẹ̀ tó wà nítòsí bárékè ológun.

Ní ti ilẹ̀ ìgbèríko wa, ìjọba ìbílẹ̀ kò lè fún ẹnìkan ní ju héktà 500 lọ fún oko, tàbí 5,000 fún ìjẹko, àfi bí Gómìnà bá fọwọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ tí wọ́n tà láìgba ìyọ̀ǹda tó yẹ, títà náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Nítorí náà, kí mọ́lẹ́bí tó gba owó:

1. Ẹ béèrè ẹni tó ni owó gan-an, kì í ṣe orúkọ tó wà lórí ìwé nìkan.
2. Kí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ìdílé fọwọ́ sí i pọ̀.
3. Ẹ gba ìyọ̀ǹda ìjọba ní kíkọ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ náà han lọ́yà.

Owó yóò ná tán, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ilẹ̀ lè bá ọmọ-ọmọ.