Àìsàn inú tó lé Shinzo Abe kúrò lórí àga lẹ́ẹ̀mejì

Ọmọ ńlá ni Shinzo Abe. Bàbá tó bí ìyá ẹ̀ ti ṣe olórí ìjọba ilẹ̀ Japan rí, òun náà sì gorí àga ọ̀hún lọ́dún 2006. Àfi bó ṣe di oṣù kẹsàn-án, ọdún 2007, tó ní òun ò ṣe mọ́. Lóòótọ́, ẹgbẹ́ ẹ̀ ti fìdí rẹmi nínú ìbò, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kọjá òṣèlú. Inú ló ń da ọkùnrin náà láàmú, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni kò jẹ́ kó gbádùn.

Láti ìgbà tó ti wà lọ́dọ̀ọ́ langba ni àìsàn táwọn dókítà ń pè ní ulcerative colitis ti ń bá a fínra. Àwọn ọmọ ogun inú ara, tó yẹ kó máa bá kòkòrò jà, ni wọ́n ń ṣàṣìṣe, tí wọ́n dojú ìjà kọ ìfun ńlá. Ìfun á wú, á dégbò, ìgbẹ́ gbuuru ẹlẹ́jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀, inú á máa run èèyàn, ara á sì máa rù. Bó bá lọ lónìí, ó tún lè padà wá lọ́jọ́ mìíràn.

Nílẹ̀ wa ńkọ́? Ẹlòmíì tó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, jẹ̀díjẹ̀dí ló máa pè é, àgbo ló máa gbé mu. Ẹlòmíì á ní ayé ló ń ṣe òun. Bẹ́ẹ̀ àìsàn yìí kì í ràn, kì í sì í ṣe ulcer tí gbogbo ayé mọ̀. Dókítà ló máa yẹ ìgbẹ́ wò bóyá kòkòrò ló fà á, kó tó fi kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ojú ìdí wo inú ìfun.

Kò tí ì sí oògùn tó ń lé e lọ pátápátá, àmọ́ èyí tó ń pa iná ẹ̀ wà, bíi mesalazine. Bó bá le jù, wọ́n lè ṣiṣẹ́ abẹ gé ìfun ńlá kúrò. Ẹni tára ẹ̀ ti yá ò gbọdọ̀ dá oògùn dúró fúnra ẹ̀, kò sì gbọdọ̀ máa lo ibuprofen láìbi dókítà. Ẹni tó bá ti ń bá a yí bí ọdún mẹ́jọ ní láti máa yẹ ìfun wò déédéé, torí jẹjẹrẹ.

Oògùn tuntun ló gbé Abe dìde, òun fúnra ẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó padà sórí àga ní oṣù kejìlá, ọdún 2012, kò sì sí olórí ìjọba Japan tó pẹ́ tó o nípò. Nígbà tó di August 28, 2020, ó kéde pé àìsàn náà tún ti dé, ó bẹ àwọn aráàlú, ó sì lóun ń lọ.

Ìbọn ló pa á ní July 8, 2022, níbi tó ti ń polongo ìbò. Àìsàn tó bá a gbé fún ọdún gbọọrọ ò rí i pa, torí kò fi í pamọ́ fún dókítà.