ÒKÌRÌKÀ: ÌLÚ NI O, KÌ Í ṢE AṢỌ NÌKAN



Ní ìpàdé wa tó kọjá, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan sunkún. Ó yáwó ra bélì kan. Ìgbà tó tú u, kóòtù òtútù ló kún inú ẹ̀, nínú oòrùn Èkó yìí! Ẹnìkan bá ní, "Ṣebí òkìrìkà ni, kí lo ń retí?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá. À ń fi orúkọ yìí jẹun, ọ̀pọ̀ wa ò sì mọ ibi tó ti wá.

Òkìrìkà, ìlú ni. Orí erékùṣù ló wà, ní ìpínlẹ̀ Rivers, kò jìnnà sí Port Harcourt. Wakirike ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pe ara wọn. Apẹja ni wọ́n, ọkọ̀ ojú omi sì ni ẹsẹ̀ wọn. Láti ìgbà tí òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀ èbúté Port Harcourt ní 1913 ni ọkọ̀ ńlá ti ń kọjá nítòsí wọn. Àwọn àgbà ọjà ní lẹ́yìn ogun Hitler, tó parí ní 1945, etí omi Òkìrìkà ni bélì aṣọ àlòkù ń gbà wọlé. Ẹni tó bá rà á á ní, "Ti Òkìrìkà ni." Bí orúkọ ìlú ṣe di orúkọ aṣọ nìyẹn.

Lọ́dọ̀ àwọn ará Gáná, obroni wawu ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé òyìnbó ti kú. Tiwa kúkú sàn, ìlú alààyè la fi pè é. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi orúkọ yìí bú ẹlòmíì mọ́.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Òfin ò fàyè gba kíkó aṣọ àlòkù wọ Nàìjíríà. Èyí tó ń gba Kọ̀tọ́nù wá, bí kọ́sítọ́ọ̀mù bá mú un lọ́nà, owó ti wọmi nìyẹn. Ẹ má fi gbogbo owó ọjà sínú bélì kan. Ẹ má fi owó ilé ìwé ọmọ rà á. Bélì kò ní ojú, a kì í rí inú ẹ̀.

Ti arábìnrin wa yẹn, a ti dáwó díẹ̀ fún un, ó ti padà sídìí ọjà ẹ̀. Igi kan kì í dá igbó ṣe.

Ọjà á tà o. Àṣẹ.