Nsenene tí wọ́n ń jẹ ní Uganda: ṣé eéṣú ni àbí kòkòrò mìíràn?

Ní Uganda, bí oṣù kọkànlá bá ti wọlé, kòkòrò kan ni ọ̀rọ̀ ìlú. Nsenene ni wọ́n ń pè é. Musenene tí àwọn Baganda ń pe oṣù náà gan-an, ara kòkòrò yìí ni wọ́n ti mú un. Ní Bukoba, ní Tanzania, senene ni. Àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀ náà ń jẹ ẹ́, ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé irú ẹ̀dá tó jẹ́.

Ẹni tó bá rí i lára wa yóò ní tata ni. Ṣùgbọ́n irun méjì orí rẹ̀ gùn, ó tín-ín-rín bí òwú; ti tata àti eéṣú kúrú. Ẹsẹ̀ iwájú ni etí rẹ̀ wà (ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́hun!), nígbà tí ti eéṣú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn. Lóru, akọ a máa fi ìyẹ́ kan ha èkejì, ìyẹn ni orin rẹ̀. Ìrẹ̀ ló bá tan jù, kì í ṣe eéṣú.

Ruspolia ni àwọn onímọ̀ kòkòrò ń pe ìdílé rẹ̀, láti ara orúkọ Eugenio Ruspoli, arìnrìn-àjò ará Ítálì tí erin pa ní Ethiopia lọ́dún 1893. Ruspolia differens ni ti Uganda, Kenya àti Tanzania. Ruspolia nitidula wà ní gúúsù Yúróòpù, Ruspolia lineosa sì wà ní Japan. Inú koríko ni gbogbo wọn ń gbé.

Ní Masaka, iná mànàmáná tó mọ́lẹ̀ yòò ni wọ́n fi ń mú un lóru. Wọ́n á to páànù yí iná ká, èyí tó bá forí sọ páànù á yọ̀ sínú àgbá. Wọ́n á tu ìyẹ́, wọ́n á já ẹsẹ̀, wọ́n á sì fi iyọ̀ àti àlùbọ́sà dín in nínú ọ̀rá ara rẹ̀.

Hádíìsì tó wà lọ́dọ̀ Ibn Majah fi yé wa pé òkú ẹja àti òkú eéṣú jẹ́ ẹ̀tọ́ fún wa. Nítorí náà, ẹni tó bá ka nsenene mọ́ eéṣú kò ní ìṣòro. Ẹni tó bá ní ìrẹ̀ ló jọ yóò ṣiyèméjì, torí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìlànà Shafi'i àti Hanafi kò fọwọ́ sí jíjẹ kòkòrò ilẹ̀ mìíràn.

Ìlànà Imam Malik, tí àwa nílẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀ lé jù, gba kòkòrò láàyè, ṣùgbọ́n pẹ̀lú àdéhùn. Eéṣú fúnra rẹ̀ kò yọ sílẹ̀: a gbọ́dọ̀ ní àníyàn, ká ṣe Bísímílà, ká sì ṣe ohun tí yóò pa á, ìbáà jẹ́ títu ìyẹ́ rẹ̀ tàbí sísọ ọ́ sínú omi gbígbóná. Lójú tiwa, ọwọ́ obìnrin tó ń tu ìyẹ́ nsenene lọ́jà ni ọ̀rọ̀ náà wà. Bó bá tu ú láàyè pẹ̀lú Bísímílà, ó ti yanjú. Èyí tó ti kú fúnra rẹ̀ sínú àgbá kí ilẹ̀ tó mọ́, òkúǹbete ni nínú ìlànà yìí.