Agbedeméjì Kì í Ṣe Gbèdéke: Ìfojúsọ́nà fún Aláìsàn Jẹjẹrẹ Asibẹ́sítọ́ọ̀sì

Orúkọ àrùn kọ́ ni ó ń fún ògbufọ̀ ìṣègùn ní ìṣòro jù lọ, bí kò ṣe ìbéèrè tí aláìsàn ń bèèrè lẹ́yìn tí ó bá ti gbọ́ orúkọ náà: "Dókítà, ṣé mo ṣì máa pẹ́?"

Òkúta onífọ́nrán tí iná kì í jó ni asibẹ́sítọ́ọ̀sì. Wọ́n máa ń pò ó mọ́ sìmẹ́ńtì láti fi ṣe páálí àjà àti ìbolé. Ní Àkúrẹ́, tí ó di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1976, àti ní ìlú Oǹdó pàápàá, irú àjà bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n nínú àwọn ilé àtijọ́. Páálí tí kò fọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Káfíńtà tí ń fi ayùn rẹ́ ẹ, tàbí ẹni tí ń fọ́ ọ dànù, ni eruku rẹ̀ ń wọ̀ nímú. Fọ́nrán náà a wọnú ẹ̀dọ̀fóró, a sì jókòó síbẹ̀. Ní 1960, Wagner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kọ̀wé lórí aláìsàn 33 ní Gúúsù Áfíríkà, tí ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ti bá asibẹ́sítọ́ọ̀sì pàdé. Àrùn náà lè fi ogún ọdún sí àádọ́ta ọdún sápamọ́. Nígbà tí ó bá jáde, èémí kúkúrú, ìrora àyà àti omi tí ń kún ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró lè mú kí ènìyàn rò pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, títí wọn yóò fi gé díẹ̀ nínú ẹran ibẹ̀ yẹ̀ wò.

"Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró" kò tọ́ láti pè é. Àrùn mìíràn ni ìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé asibẹ́sítọ́ọ̀sì ń fa òun náà, pàápàá lára amusìgá. Awọ tí ó bo ẹ̀dọ̀fóró ni èyí ń mú. "Jẹjẹrẹ awọ ẹ̀dọ̀fóró" ni ó yẹ. Ó tún lè mú awọ inú ikùn.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ó gbẹgẹ́. Àwọn kan ń lo "àsọtẹ́lẹ̀ àrùn", ṣùgbọ́n ti wòlíì àti babaláwo ni àsọtẹ́lẹ̀. Ohun tí ó dájú ni etí Yorùbá ń gbọ́ nínú rẹ̀. "Ìfojúsọ́nà" sàn jù, nítorí ó fi àyè sílẹ̀.

Ìwádìí 2003 fi hàn pé nígbà tí wọ́n fi pemetrexed kún cisplatin, agbedeméjì ìwàláàyè jẹ́ oṣù 12.1, ti cisplatin nìkan jẹ́ oṣù 9.3. Nínú èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2021, lórí aláìsàn 605, nivolumab àti ipilimumab, tí ń ran ìgbèjà ara lọ́wọ́, mú un dé oṣù 18.1, nígbà tí ti àwọn oògùn àtijọ́ jẹ́ 14.1. (Owó oògùn tuntun wọ̀nyí kì í ṣe owó kékeré, ọ̀rọ̀ mìíràn sì ni ìyẹn.) Ògbufọ̀ tí ó bá sọ pé "oṣù méjìdínlógún ni gbèdéke" ti dá ẹjọ́ ikú tí dókítà kò dá. Ohun tí agbedeméjì ń sọ ni pé ìdajì àwọn aláìsàn ti kú kí ó tó pé, ìdajì yòókù ṣì wà láàyè. Àwọn mìíràn nínú wọn sì lè pẹ́ gan-an.

Stephen Jay Gould, onímọ̀ ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà, mọ èyí lára. Ní 1982 wọ́n rí irú àrùn yìí nínú ikùn rẹ̀, ó sì kà á nínú ìwé pé oṣù mẹ́jọ ni agbedeméjì. Ní 1985 ó kọ àròkọ lórí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà gan-an. Ó kú ní 2002, jẹjẹrẹ mìíràn ni ó sì pa á.

Irú òun kò wọ́pọ̀, kò sì yẹ kí wọ́n fi í tan aláìsàn jẹ. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì tí jẹjẹrẹ náà ní, bí ó ti tàn tó, àti agbára tí ó kù lára, ni wọ́n fi ń mọ ìfojúsọ́nà ẹnì kọ̀ọ̀kan. Fún olùkọ́ tí ń kọ́ àwọn ògbufọ̀, gbólóhùn tí ó ṣeé lò níwájú aláìsàn nìyí, láti inú ìwádìí 2021 kan náà: "Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí wọ́n lo oògùn tuntun yìí, bíi mẹ́tàlélógún ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún mẹ́ta."