Greyhound, Ọ̀dá Ẹṣin tí Ó Jọba fún Ọdún 31

Ní ọdún 1933, ní ìlú Indianapolis ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, a fa ọmọ ẹṣin ọlọ́dún kan wá sí ọjà gbàǹjo. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú. Greyhound ni orúkọ rẹ̀, orúkọ irú ajá ọdẹ kan tí ó yára púpọ̀. Ìdílé rere ni ó ti jáde, ṣùgbọ́n a ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá kí ó tó dé ọjà. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń ka ìwé yìí mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí: ẹni tí ó ra ọ̀dá, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó rà, nítorí kò sí ọmọ tí yóò ti ara rẹ̀ jáde. Owó sì wọ́n ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Ọ̀gbẹ́ni E. J. Baker, ọlọ́rọ̀ kan ní ìlú Saint Charles ní ìpínlẹ̀ Illinois, rà á ní 900 dọ́là.

Irú ìje tí a rà á fún kì í ṣe èyí tí a ń gun ẹṣin lẹ́yìn sá. Kẹ̀kẹ́ fífúyẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni a ń so mọ́ ẹṣin, awakọ̀ a sì jókòó lé e pẹ̀lú ìjánu lọ́wọ́. Ẹṣin náà kò gbọdọ̀ sá eré àsápajúdé. Ìrìn-sáré ni a fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀: ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì a gbéra pọ̀, lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ iwájú òsì àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún a gbéra tiwọn. Bí ó bá gbàgbé ara rẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fò, awakọ̀ ní láti fà á sẹ́yìn títí yóò fi padà sí ìrìn rẹ̀. Kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a ti kọjá lọ.

Sep Palin ni ó kọ́ Greyhound, òun náà ni ó sì ń wà á. Ní ọdún 1935 wọ́n gba ìje tí ó lókìkí jùlọ, èyí tí à ń pè ní Hambletonian, ní Goshen ní ìpínlẹ̀ New York. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí orúkọ yìí. Akọ ẹṣin kan tí a bí ní agbègbè náà ní ọdún 1849 ni ó ń jẹ́ Hambletonian. Òṣìṣẹ́ oko kan, Rysdyk, ra òun àti ìyá rẹ̀ pọ̀ ní 125 dọ́là. Kì í ṣe eré sísá ni ó sọ ọ́ di olókìkí bí kò ṣe ọmọ bíbí: ọmọ rẹ̀ lé ní 1,300 kí ó tó kú ní ọdún 1876, Greyhound pàápàá sì wà nínú ìran rẹ̀. Ẹ wo bí ayé ti rí: ẹni tí kò lè bímọ ni ó gba adé tí a fi orúkọ ọlọ́mọ yọyọ pè.

Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Peter Manning ni ẹṣin iwájú nígbà náà, òun náà sì jẹ́ ọ̀dá. Ní ọdún 1922 ó fi ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 56¾ sá máìlì kan. Greyhound fi ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 56 sá a ní ọdún 1937. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ní Lexington ní ìpínlẹ̀ Kentucky, ó sá a ní ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 55¼. Aago ni ó ń bá díje ní ọjọ́ náà, kì í ṣe ẹṣin. Ní ọdún 1939 a so òun àti abo ẹṣin Rosalind mọ́ kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo, wọ́n sì sá máìlì náà ní ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 58¼. Ní ọdún 1940, obìnrin kan, Frances Dodge Johnson, di gàárì sí i, ó gùn ún, ìrìn-sáré náà kò sì yẹ̀: ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 1¾. Nínú ìje 37, ó gba 33. Síbẹ̀ gbogbo owó tí ó jẹ kò tó 40,000 dọ́là.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó káàánú pé a tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, nítorí ọrọ̀ ńlá ni ọmọ irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ ìbá jẹ́. Àánú náà tọ́. Ṣùgbọ́n ní tiwa, a rò pé bí ó bá jẹ́ akọ pípé ni, láìpẹ́ lẹ́yìn Goshen ni wọn ìbá ti mú un kúrò lórí pápá lọ sí ibi tí ó ti máa gun abo, nítorí níbẹ̀ ni èrè wà. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ó jẹ́ ní Goshen. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ó jẹ́ ní Lexington. Nítorí pé kò sí iṣẹ́ mìíràn tí a lè fi rán an ni ó ṣe pẹ́ lórí pápá tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1965 ni Greyhound kú, ó sì ti lo ọdún 32 láyé. Ọdún kan náà ni a bí Nevele Pride, akọ tí a kò tẹ̀ lọ́dàá. Ní ọdún 1969, ní Indianapolis kan náà tí a ti ta Greyhound ní 900 dọ́là, Nevele Pride sá máìlì kan ní ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 54⅘. Kí ọdún náà tó parí, a ti mú un kúrò lórí pápá lọ sí ibi tí yóò ti máa bímọ.