Ohun tó dì mọ́ eyín àwọn ará àtijọ́

Ọ̀fio tí wọ́n ń fi kọ́ńgò wọ̀n l'Ọ́jà Tuntun, n'Ílọrin, ní ìbátan kan tí àgbẹ̀ kì í fẹ́ rí lóko rárá. Koríko ni, Cyperus rotundus. Bí o bá fà á tu lónìí, iṣu rẹ̀ kéékèèké tó kù nílẹ̀ á tún hù. Lọ́dún 2014, àwọn awalẹ̀pìtàn kéde pé àwọn rí àmì rẹ̀ lẹ́nu àwọn tí wọ́n sin sí Al Khiday ní Sudan, àwọn kan láti ohun tó lé ní 8,000 ọdún sẹ́yìn.

Eyín ló bá wọn pa á mọ́. Ìdọ̀tí rírọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ìdí eyín, bí a kò bá fọ̀ ọ́ kúrò, kálísíọ̀mù inú itọ́ á sọ ọ́ di líle bí òkúta. Èérún oúnjẹ, èéfín àti bakitéríà á há sínú rẹ̀. Ẹran ara á jẹrà tán, òun á wà síbẹ̀.

Nínú àwọn tí wọ́n sin sí Al Khiday ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn, eyín tí kòkòrò jẹ kò tó ẹyọ kan nínú 100. Àwọn olùwádìí rò pé koríko náà lọ́wọ́ sí i, torí omi rẹ̀ ń dènà bakitéríà tó ń ba eyín jẹ́. Àbá ni o.

Ti èrìgì, ẹran tó di ìdí eyín mú, yàtọ̀. Lọ́dún 2014 kan náà, Christina Warinner àti ẹgbẹ́ rẹ̀ rí Tannerella forsythia, bakitéríà àrùn èrìgì, lára eyín àwọn tó gbé ní Dalheim, Jámánì, ní nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn. Ẹni tó bá ní ṣúgà òyìnbó ló mú àrùn èrìgì wá, irọ́ ló pa. Ó ti wà tipẹ́. Ṣùgbọ́n ní Poundbury, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, agbárí 303 láyé àwọn ará Róòmù fi hàn pé àrùn náà kò pọ̀ tó tòde òní. Wọn kò mọ tábà nígbà náà, tábà sì ń ba èrìgì jẹ́ gan-an.

Pákò ńkọ́? Orín ata tó ń ta ahọ́n ṣínṣín yẹn ń gbá ìdọ̀tí rírọ̀ lọ dáadáa. Èyí tó bá ti dì, irin dókítà eléyín nìkan ló ń ha á. Fi ahọ́n tọ́ ẹ̀yìn eyín iwájú ti ìsàlẹ̀ wò: ibẹ̀ ló ti máa ń tètè dì, torí ẹnu ọ̀nà itọ́ wà lábẹ́ ahọ́n nítòsí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì ń jáde nígbà tí o ń run pákò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé èrìgì ti wú tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ a máa yẹra fún ojú ibẹ̀, ìdọ̀tí á sì túbọ̀ ráàyè dì.