Pápá Harvard: Ògiri Tí Kò Yẹ̀, Òfin Tó Yí Padà

Ẹni tó bá fẹ́ yẹ pápá ìṣeré àtijọ́ wò ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, kó má tíì wo ibi ìjókòó. Kó kọ́kọ́ wo àlàfo tó wà láàárín ìlà etí pápá àti ògiri. Ní pápá Yunifásítì Harvard, ní Boston, àlàfo náà kéré, kékeré rẹ̀ sì wà lára ohun tó sọ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà di ohun tó jẹ́ lónìí.

Ọdún 1903 ni wọ́n kọ́ ọ. Àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde níbẹ̀ lọ́dún 1879 ló fi 100,000 dọ́là sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Kọnkéré tí wọ́n fi ọ̀pá irin sínú rẹ̀ ni wọ́n lò, nígbà tí kò tíì sí ẹni tó fi bẹ́ẹ̀ fi irú rẹ̀ kọ́ ohun tó tóbi tó yẹn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ikọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga Dartmouth ti wá na Harvard níbẹ̀ ní 11 sí 0.

Kò pẹ́ sí i ni wàhálà dé. Nígbà yẹn, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni ju bọ́ọ̀lù síwájú. Àwọn agbábọ́ọ̀lù a wọ́ jọ gìrìgìrì, wọn a sì ya lu ara wọn, títí ọrùn fi ń ṣẹ́. Ní 1905, ó lé ní ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n kà pé eré náà pa. Ààrẹ Theodore Roosevelt, tí òun fúnra rẹ̀ jáde ní Harvard, ránṣẹ́ pe àwọn aṣojú Harvard, Yale àti Princeton sí ilé ìjọba ní Washington, ó ní kí wọ́n tún eré náà ṣe.

Walter Camp, ọmọ Yale tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tà jù nídìí òfin eré yìí, dábàá pé kí wọ́n fi ẹsẹ̀ bàtà 40 kún fífẹ̀ pápá, kí àwọn agbábọ́ọ̀lù lè tú ká. Àbá náà bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n pápá Harvard kò tíì pé ọdún mẹ́ta, kọnkéré sì ni. Ta ni yóò wó o? Fífẹ̀ pápá dúró sí ẹsẹ̀ bàtà 160, bó ṣe wà títí dòní. Ní 1906, wọ́n fàyè gba jíju bọ́ọ̀lù síwájú. Kì í ṣe ògiri yẹn nìkan ló fà á, torí àwọn kan ti ń bẹ̀bẹ̀ fún un tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó ti ilẹ̀kùn ọ̀nà kejì pa.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìtura kọ́ ló yẹ ká fi díwọ̀n irú ibi báyìí. Ká sọ òótọ́, ìtura kò pọ̀ níbẹ̀: àtẹ̀gùn kọnkéré ni ènìyàn ń jókòó lé, kò sí ohun tí a lè fẹ̀yìn tì. Ohun tó yẹ ká yẹ̀ wò ni ara kọnkéré náà. Bí omi bá wọ ihò tín-ín-rín inú rẹ̀, tí òtútù Boston sì sọ ọ́ di yìnyín, omi náà á wú ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún, á sì la kọnkéré. Bí irin inú rẹ̀ bá tún dógùn-ún, òun náà á wú, á ti kọnkéré jáde. Ní àwọn ọdún 1980, wọ́n ní láti pààrọ̀ àwọn ìjókòó. Àtúnṣe gidi nìyẹn, torí pé ìrísí ibẹ̀ kò yí padà.

Èyí tí mi ò fẹ́ràn ni ti 1929, nígbà tí wọ́n fi ìjókòó onírin dí ẹnu pápá náà, ìyẹn ìpẹ̀kun kan tí kò ní ìjókòó, kó lè gba ènìyàn bí 57,000. Inú mi dùn pé wọ́n kó o kúrò ní 1951. Lónìí, nǹkan bí 25,000 ló ń gbà, ẹnu rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ bí wọ́n ṣe yà á. Koríko àtọwọ́dá àti iná alẹ́ tí wọ́n fi sí i ní nǹkan bí 2007 kò ba nǹkan kan jẹ́.

Bí ẹ bá débẹ̀ lóṣù kọkànlá, ẹ mú tìmùtìmù àti ẹ̀wù òtútù lọ́wọ́. Ẹ gun òkè lọ síbi tí ìjókòó ti tẹ̀ kọrọdọ, lábẹ́ àwọn òpó tí wọ́n fi kún un ní 1910. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí ìbú pápá náà láti ògiri kan dé èkejì.